Ẹni Tí Yóò Gbẹnu Sọ fún Ọmọ Aránṣọ

Ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ìjọba wà ní àjà kẹta ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga débi pé àwọn ẹlẹ́rìí máa ń kọ́kọ́ mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó lè ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Yàrá márùn-ún ló wà níbẹ̀, fáìlì sì ti lé ènìyàn kúrò nínú méjì. Nínú yàrá kẹrin ni Àsọyé ti jókòó sórí àga kan ṣoṣo fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí ìjókòó àga náà fi jìn bíi kòtò, tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn tó bá jókòó síbẹ̀ á kàn máa wo orí tábìlì láti ìsàlẹ̀ ni. Àsọyé kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn akọ̀wé kóòtù ló fún un ní ìnagijẹ náà, torí pé bí ó bá ti dìde láti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú ẹjọ́, ohun tó ti dojú rú láti ọdún méjì á yé adájọ́, á yé ọlọ́pàá tó ń tòògbé lẹ́nu ọ̀nà, á sì yé ọ̀daràn fúnra rẹ̀ débi tí á fi wolẹ̀.

Ẹni tí kò bá dé kóòtù rí lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti jẹ́rìí tán, tí wọ́n sì ti fi ìbéèrè gbo wọ́n bí aṣọ ìdọ̀tí, ẹnì kan níhà ìjọba á dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnì kan níhà olùjẹ́jọ́ náà á dìde, oníkálukú á so ẹjọ́ náà pọ̀ fún adájọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹnu pa mọ́. Ẹjọ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ gún régé lè fọ́ yángá síbẹ̀. Àsọyé kò gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ó ṣojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn ni. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni wọ́n bá nínú tánkì omi lórí òrùlé ilé kan, tí agboòrùn pupa rẹ̀ ń léfòó lórí omi. Àsọyé ìgbà náà lágbára, ó sì gbéra ga. Ó dìde, ó fi òfin dárà, ó tọ́ka sí ẹjọ́ àtijọ́ mẹ́tàdínlógún láìwo ìwé. Adájọ́ kọ ọ́, kọ ọ́, nígbà tó sú u ó fi kálàmù sílẹ̀. Ẹni tó pa ọmọ náà gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde, ó sì dúró ra omi tútù mu lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá ọmọ náà kò bú Àsọyé. Ó kàn bi í pé, "Lọ́yà, kí lẹ ń sọ níbẹ̀ yẹn látàárọ̀? Kò yé mi." Ìbá sàn kí ó gbá a létí.

Láti ìgbà náà ni Àsọyé ti dá ohun tí wọ́n ń pè ní àtúnsọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nínú ẹjọ́ ìpànìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró nínú yàrá fáìlì, kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Onígbàálẹ̀. Ìyá yìí kò mọ òfin, kò sì wù ú láti mọ̀ ọ́n. Á dojú bákẹ́ẹ̀tì dé, á jókòó lé e, á fi ìgbálẹ̀ lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á dijú. Bí agbẹjọ́rò bá sọ̀rọ̀ tán, ìyá á lajú, á tún gbogbo ẹjọ́ náà sọ bó ṣe gbọ́ ọ. Bí ohun tó tún sọ kò bá bá fáìlì mu, agbẹjọ́rò náà kò ní lọ. Nígbà kan ọkùnrin kan dé láti òkè òkun pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mẹ́rin, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ìyá lajú, ó ní, "Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹ kàwé." Wọn kò rán ọkùnrin náà lọ. Ọ̀gá mẹ́ta ló ti jẹ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí èyí tó fagi lé àtúnsọ.

Ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti ọmọ Aránṣọ. Nọ́ọ̀sì ni ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ó ti ibi iṣẹ́ òru dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sùn nínú yàrá rẹ̀, kò sì jí mọ́, ẹnì kan pa á síbẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà, tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó fẹ́ òun, ni wọ́n mú. Ọkùnrin náà ní aago mọ́kànlá ni òun kúrò níbẹ̀, àlàáfíà lòun fi í sí. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kan tó ń sá aṣọ rí i ní aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá náà láti ìta. Kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, inú bàtà tuntun kan ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ti yọ ọ́, ẹnì kan ti tì í wọ ibi àtàǹpàkò bàtà bí ìgbà tí èèyàn bá ń tọ́jú ohun ìkọ̀kọ̀. Ẹ̀rí náà kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mọ́kànlá, aago kan, ilẹ̀kùn kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Ẹni tó bá so wọ́n pọ̀ dáadáa á so ọ̀daràn mọ́ ọn, ẹni tó bá sì jẹ́ kí okùn kan tú, gbogbo rẹ̀ á tú.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ni kóòtù jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà láàárín ọdún mẹ́ta, ọjọ́ mọ́kàndínlógójì náà sì ni Aránṣọ wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Iṣẹ́ aránṣọ ló fi tọ́ ọmọ náà, orúkọ iṣẹ́ náà ni gbogbo èèyàn sì ń pè é. Ní ọjọ́ kìíní gan-an ni Àsọyé ti jókòó tì í tó sọ fún un pé, "Ìyá, èmi fúnra mi ni n ó gbẹnu sọ fún ọmọ yín. Bí mo bá sọ ọ́, á yé wọn." Lẹ́yìn ẹjọ́ yìí ni yóò fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ fi ṣe àṣekágbá, ká má purọ́, ó sì fẹ́ fi san gbèsè akẹ́kọ̀ọ́ inú tánkì lọ́jọ́sí.

Ṣùgbọ́n èèyàn ń pète, ara ń pète tirẹ̀. Ilé Àsọyé ni nǹkan náà ti kọ́kọ́ fojú hàn. Ó gbé bàtà sínú fíríjì, òun àti ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ìyàwó ní ó kù díẹ̀ kí òun fi se ọbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ó béèrè pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n òun kò pè lórí fóònù mọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n náà. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ìṣirò ni ìyàwó rẹ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, kì í fi nǹkan falẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń kọ ìwé kékeré sápò àyà rẹ̀ láràárọ̀: "Òní ni Ọjọ́rú. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lápò òsì. Ẹ jẹun ọ̀sán. Ẹ má bínú." Ó bi í pé kí ni "ẹ má bínú" ń wá níbẹ̀. Ìyàwó ní, "Ẹ ti máa ń bínú báyìí, bàbá àwọn ọmọ. Tẹ́ ẹ bá ti gbàgbé nǹkan, ẹ máa ń bínú sí ẹni tó bá rántí."

Ní ọ́fíìsì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé wọn kò mọ̀. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń mọ nǹkan tó ibi iṣẹ́. Nígbà tó bi ẹlẹ́rìí kan ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ náà sì ti gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta kí Àsọyé tó gun ún dé.

Ọ̀gá tó wà nípò nígbà náà, ọmọ ọwọ́ Àsọyé ni. Àsọyé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ ẹ̀wù dúdú kóòtù kí ọrùn rẹ̀ má wọ́. Ó pe Àsọyé wọlé, ó pe Àbúrò náà. Àbúrò ni obìnrin agbẹjọ́rò tó ti ń bá Àsọyé gbé fáìlì ẹjọ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ tó mọṣẹ́, àmọ́ tó bá ń sọ̀rọ̀, á dà bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Àsọyé máa ń dá a lápàárá pé, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Wọ aṣọ rẹ lọ ná, àkísà ń bọ̀." Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì máa kọ ìwé rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọ̀gá wí, kò sì lè wò ó lójú, "ẹ̀yin àti Àbúrò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa ṣe àtúnsọ lórí ẹjọ́ nọ́ọ̀sì yìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yé Ìyá Onígbàálẹ̀ jù, òun la máa fi ránṣẹ́."

"Èmi?" Àsọyé dìde. "Èmi tí mo dá àtúnsọ sílẹ̀ lẹ fẹ́ fi àtúnsọ dán wò? Nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ṣé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọn imú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú."

Ó gbọ́ gbólóhùn yẹn, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àpò àyà rẹ̀, ó sì jókòó.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, àwọn mẹ́rin péjọ sí yàrá fáìlì. Ìyá Onígbàálẹ̀ dojú bákẹ́ẹ̀tì dé, ó kí wọn, ó jókòó, ó dijú. Àsọyé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ohun kékeré: ọmọbìnrin kan bọ́ bàtà iṣẹ́, ó tò wọ́n sẹ́bàá ògiri, torí ó rò pé òun máa tún wọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ń wá bí ìgbà tó ti máa ń wá láyé ọjọ́un. Kò wá a, òun ló ń wá Àsọyé. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó ń rí ọmọbìnrin náà lójú ara rẹ̀, ó ń rí kọ́kọ́rọ́, ó ń rí òbí tó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń rí omi. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rò ó lọ́kàn pé ẹ̀rù tó ti ń ba òun láti ọdún kan yìí, ẹ̀rù lásán ni. Nígbà tó parí, Àbúrò ń sunkún. Ọ̀gá fi áńkáṣíìfù bo ojú. Àsọyé rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ló pa wọ́n lẹ́kún.

Ìyá Onígbàálẹ̀ lajú. Ẹkún wà lójú òun náà.

"Ó ṣe mí láàánú o," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ nọ́ọ̀sì ni. Ó tibi iṣẹ́ dé, ó bọ́ bàtà ẹ̀ sẹ́bàá ògiri, ó sùn. Ọkùnrin oníbàtà yẹn wá, ó pa á. Ó jáde ní aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ẹni tó ń sáṣọ rí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú bàtà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bá ọmọ náà nínú tánkì omi lókè òrùlé, tí agboòrùn pupa ẹ̀ ń léfòó. Bàbá ẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun fọwọ́ ara òun gbé e." Ìyá nu ojú. "Ẹ jọ̀ọ́, ibì kan ni kò yé mi. Nígbà tó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, báwo ló ṣe dé inú tánkì? Ṣé ó gbé e kọjá níwájú ẹni tó ń sáṣọ ni?"

Àsọyé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ ti gbọ́ ọ sódì. Ta ló sọ tánkì fún yín?"

"Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Èmi kọ́. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Bàbá wo? Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i." Ó yíjú sí Àbúrò, kí ó lè bá òun fi ìyá ṣe yẹ̀yẹ́. Ilẹ̀ ni Àbúrò ń wò. "Àbúrò, ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Agboòrùn ńkọ́?"

"Ẹ sọ agboòrùn."

Nígbà náà ló wá yé Àsọyé. Ó ti so ọmọ méjì pọ̀. Ó ti lọ gbé òkú ọdún méjìdínlógún wá, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú tuntun, ó sì sunkún lé méjèèjì lórí ní orúkọ ẹyọ kan. Kò sì mọ̀. Ohun tó dẹ́rù bà á jù nìyẹn, pé kò sí ibi kankan nínú ara rẹ̀ tó ta á lólobó. Ìyá Onígbàálẹ̀ rí ojú rẹ̀, ó gbá ẹnu ara rẹ̀ mú, ó ní, "Háà, kí ni mo sọ? Ẹ dákun, bàbá, ẹnu mi ni, ẹnu mi ni."

"Ẹ dákẹ́, Ìyá," ni Àsọyé wí. "Iṣẹ́ yín lẹ ṣe."

Ó ní kí Àbúrò náà sọ tirẹ̀. Àbúrò ní kò sí ìdí, ó ní ó di ọ̀la. Àsọyé ní òní ni. Obìnrin náà dìde, ó fi imú fa ẹkún, ó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Ìyá Onígbàálẹ̀ tún un sọ. Kò sunkún, ṣùgbọ́n kò fo ohunkóhun: aago mọ́kànlá, aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́. Kò béèrè ìbéèrè kankan.

Ọ̀gá mú fọ́ọ̀mù kan jáde, èyí tí wọ́n máa ń kọ orúkọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kóòtù. Ó nà án sí Àsọyé. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ yín síbẹ̀, mo máa fọwọ́ sí i. Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi sọ ọ́ fún yín." Ó rò pé òun bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó bọ̀wọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó gbé ọ̀bẹ lé àgbà lọ́wọ́ pé kó fi ya ara rẹ̀.

Àsọyé gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sílé. Ìwà èèyàn ṣòro, ọkàn rẹ̀ tún ń wá ọ̀nà. Ó ní bí òun kò bá lè sọ ọ́ lórí, ṣebí òun lè kà á nínú ìwé. Adájọ́ wo ló máa bínú sí arúgbó tó ń ka ìwé? Ó ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti oṣù tó kọjá, ojú ewé mẹ́rìnlá, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń kà á lọ. Ojú ewé kìíní dára. Ìkarùn-ún dára. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ojú ewé kẹsàn-án ló bá agboòrùn pupa. Ó wà níbẹ̀, tadáwà dúdú, ó ti fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òun má baà gbàgbé rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí itan. Kò bi í léèrè. Ó gbé tíì sílẹ̀, ó jókòó, ó fi orí ti èjìká rẹ̀. Àsọyé fa fọ́ọ̀mù jáde, ó kọ orúkọ Àbúrò síbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Ṣé mo kọ ọ́ dáadáa?" Ìyàwó ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa."

Ó ku ọ̀rọ̀ Aránṣọ. Ọ̀gá ní òun lè rán ẹnì kan sí i. Àsọyé ní ẹni tó ṣèlérí ni yóò yí i padà. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àbúrò fi mọ́tò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ, ó sì dúró sínú mọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì tí wọ́n ń gé aṣọ lé, àwọn aṣọ tí wọ́n ti rán kọ́ sára ògiri. Ẹ̀rọ kejì wà lábẹ́ aṣọ funfun. Ti ọmọ ni, ó máa ń fi ran ìyá lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìsinmi.

"Ìyá, ẹ kú iṣẹ́."

"Lọ́yà mi! Ẹ wọlé o. Ẹ gbé aṣọ yẹn kúrò lórí àga, ẹ jókòó. Ó ku ọ̀túnla, àbí?"

"Ó ku ọ̀túnla, Ìyá. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Èmi kọ́ ni n ó sọ̀rọ̀, Àbúrò ni."

Ẹ̀rọ tí Aránṣọ ń tẹ̀ dúró. "Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Aránṣọ yí àga rẹ̀ padà. "Ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yẹn tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin lẹ máa gbẹnu sọ fún ọmọ mi. Mi ò bẹ̀ yín. Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé e sábẹ́ orí sùn. Ṣé ọmọ yẹn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló máa wá sọ̀rọ̀ ọmọ mi? Kí ni mo ṣe fún yín, lọ́yà?"

Irọ́ wà nílẹ̀ tó lè pa. Ó lè ní ìjọba ló yí i, ó lè ní ọjọ́ orí òun ti pé. Obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò tọ́ sí irọ́.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Ọpọlọ mi ló ń dà mí. Mo ń gbàgbé, mo sì ń rántí ohun tí kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yín, mo sì gbé òkú ọmọ ẹlòmíì wọ inú ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ṣe é níwájú adájọ́, lọ́yà tiwọn á fò mọ́ ọn, ẹni tó pa ọmọ yín á sì máa lọ sílé."

Aránṣọ fi eyín gé òwú kan tí kò yẹ ní gígé.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Á tó ọdún kan."

"Ìyàwó yín mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni obìnrin náà wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni."

Pẹ̀lẹ́ yẹn ló tú u. Ọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tó ti mú kí odidi kóòtù sunkún láìjẹ́ pé ojú tirẹ̀ rin, ló dorí kodò láàárín aṣọ ẹni ẹlẹ́ni tó ń sunkún bí ọmọ tó sọnù. Aránṣọ, ẹni tó yẹ kí wọ́n máa rẹ̀ lẹ́kún, ló dìde lọ bu omi fún un. Ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán.

"Ẹ ó wá sí kóòtù?"

"N ó wá."

"Ẹ wá jókòó tì mí, nígbà náà. Ẹ má lọ jókòó sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wù dúdú yẹn."

Nínú mọ́tò, Àbúrò bi í pé ìmọ̀ràn wo ló ní fún òun. Ó ronú dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Má fara wé mi. Bí o ṣe sọ ọ́ fún ìyá lórí bákẹ́ẹ̀tì ni kí o sọ ọ́. Má sunkún. Ẹni tó ni ẹkún wà lórí ìjókòó."

Ọjọ́bọ̀ pé, kóòtù kún. Ooru mú, fáànù òkè ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá mú ṣiṣẹ́. Àsọyé wọ kóòtù láìwọ ẹ̀wù dúdú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Lọ́yà olùjẹ́jọ́, ọkùnrin kan tó máa ń ṣọ́ àṣìṣe bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku, ti ṣí kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò dìde. Ó gbé ọwọ́ lé orí tábìlì. Ó ní, "Olúwa mi, ọ̀sán gangan ni, gbogbo èèyàn sì jí." Ó so aago mọ́ aago, ó so ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bàtà. Kò gbé ohùn sókè nígbà kankan. Kálàmù lọ́yà olùjẹ́jọ́ wà ní ṣíṣí títí tó fi gbẹ, kò rí nǹkan kọ. Adájọ́ kọ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà dúró sókè, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni adájọ́ dá ọkùnrin oníbàtà náà lẹ́bi, kò sì sí ibi tí ìdájọ́ náà ti mì. Ṣùgbọ́n Àsọyé kò sí ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ọjọ́ tó lò kẹ́yìn níbẹ̀.

Nígbà tí Àbúrò parí ọ̀rọ̀, tó tẹrí ba fún adájọ́, ó yíjú padà, ó wá ojú Aránṣọ lórí bẹ́ǹṣì, ó sì mi orí sí i díẹ̀. Omi kún ojú Aránṣọ. Àsọyé rí àwọn obìnrin méjèèjì bí wọ́n ṣe wo ara wọn. Inú rẹ̀ dùn dénú, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọmọdé. Ó tẹ̀ sí etí Aránṣọ.

"Ìyá," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ọmọ yín yìí mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ o. Ẹ tọ́ ọ dáadáa."

Aránṣọ yíjú wò ó. Ó wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ni, bóyá ó fi ń tu òun nínú ni. Kò rí àwàdà níbẹ̀. Inú dídùn nìkan ló wà níbẹ̀.

"Tó bá ń wáṣẹ́," ni Àsọyé tún wí, "ẹ ní kó wá bá mi ní ọ́fíìsì wa. Àyè wà."

Aránṣọ wo ẹni tó wọ ẹ̀wù dúdú, tó ń kó ìwé rẹ̀ jọ lọ́hùn-ún, tó wà láàyè. Ó gbé ọwọ́ arúgbó náà sáàárín ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"N ó sọ fún un, sà," ni ó wí. "Inú ẹ̀ á dùn láti gbọ́ ọ."

Wọ́n sì jọ jókòó síbẹ̀ títí kóòtù fi túká.